Kàádì Bàṣírù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín. Bí ẹ bá ń sinmi lọ́wọ́, ẹ kú ìsinmi. Bí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa láàárọ̀ yìí, tó fi ìmọ́lẹ̀ sí yín lójú láti kàwé, tó sì fi okun sí mi lọ́wọ́ láti kọ ọ́. Ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ìtàn ìyá kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni mo mú wá, ìyá tó fi ọdún mọ́kànlá pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní orúkọ ọmọ ẹlòmíì, nítorí ìbẹ̀rù.

Àṣàbí ni ìyá náà ń jẹ́. Opó ni, ó ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún, gàrí ló ń yan jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó nídìí agbada lábẹ́ àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, ó ń fi àkúfọ́ igbá dà á síwá sẹ́yìn, èéfín ń bá a lójú jà. Ìyàwó tuntun kan tó ń jẹ́ Peculiar jókòó sídìí agbada kejì, fóònù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

"Yéè! Màmá Dúró, ẹ gbọ́ o!" ni Peculiar kígbe. "Ilé alájà kan tí wọ́n ń kọ́ ní Abidjan ti wó lu àwọn òṣìṣẹ́ lánàá. Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ àwọn tó fara pa sórí Wasáàpù."

Igbá dúró lọ́wọ́ Àṣàbí. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un láyé, Dúrójaiyé, Abidjan ló wà, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló sì ń ṣe.

"Kà á," ló wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, ẹ jẹ́ n wò ó ná. Rábíù ará Ìsúndúnrín. Jímọ̀ ará Ọ̀lá. Bàṣírù Ràmọ́nù ará Ẹ̀jìgbò, tiẹ̀ ni wọ́n ní ó le jù. Ó parí." Peculiar bú sẹ́rìn-ín. "Kò sí Dúrójaiyé níbẹ̀! Màmá, ẹ dìde kí ẹ jó! Ẹ tiẹ̀ wo wàhálà. Ṣé kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni Bàṣírù Ràmọ́nù, tó tún ọ̀kadà ọkọ mi ṣe níjẹta? Ìgbà wo ló dé Abidjan tí ilé wó lù ú? Àwọn tó ń kọ nǹkan sórí Wasáàpù yìí, irọ́ wọn pọ̀ ju gàrí wa lọ."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan gbé orin ọpẹ́, àwọn yòókù gbè é. Àṣàbí kò bá wọn gbè é. Nínú gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn, òun nìkan ló mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ni ọmọ òun ń jẹ́ ní Abidjan. Gàrí rẹ̀ ti jóná mọ́ agbada kó tó gbóòórùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní agbègbè wa, ilé tí kò ní ẹnì kan ní Abidjan, tàbí ẹni tó ti ibẹ̀ dé, kò pọ̀. Àwọn ẹbí kan sì wà tí kàádì ìgbélùú ẹni tó bá ti padà wálé kì í sùn nínú àpótí wọn. Ẹni tó bá kàn láti lọ, tí ojú rẹ̀ bá jọ ti àwòrán inú kàádì, òun ni yóò mú un dání. Wọn kì í pè é ní olè; lójú wọn, ó dà bí ẹni yá ẹ̀wù arákùnrin rẹ̀ wọ lọ sóde. Bàṣírù, ọmọ Kàdíjà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Àṣàbí, ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó padà dé tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ẹ̀jìgbò, Dúrójaiyé gba kàádì rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n, imú kan náà, iwájú orí kan náà.

"Oṣù mẹ́fà péré ni, Màmá," ni Dúró wí nígbà náà. "Bí mo bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, màá ṣe tèmi."

Oṣù mẹ́fà di ọdún mọ́kànlá. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ọ́n ní Bàṣírù, onílé rẹ̀ mọ̀ ọ́n ní Bàṣírù. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó ti gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ lé ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Ẹ ṣèlérí fún mi, Màmá. Ẹ ò gbọdọ̀ pè mí ní Dúró lórí fóònù, ẹ ò mọ ẹni tó ń gbọ́. Bí mo bá tiẹ̀ ń kú lọ, Bàṣírù ni kí ẹ pè mí."

Ìyá ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà ló ti di "Bàṣírù, ṣé o ti jẹun?" àti "Bàṣírù, ẹ̀yìn ń dùn mí." Inú àdúrà nìkan ló ti ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ náà ó ń pè é lábẹ́ ètè, àfi bí ẹni pé ọlọ́pàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, Àṣàbí kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó fi gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀jìgbò. Jálẹ̀ ọ̀nà, àdúrà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Olúwa, bẹ Dúrójaiyé wò." Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń dá a lóhùn nínú ọkàn pé bí áńgẹ́lì bá tiẹ̀ dé ilé ìwòsàn náà, kò ní bá Dúrójaiyé kankan nínú ìwé wọn. Ó bá ara rẹ̀ wí. Ṣé Ẹni tó ń pe ìràwọ̀ lórúkọ ni yóò máa wo ìwé kó tó mọ ọmọ ènìyàn? Ó bá ara rẹ̀ wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù Bàṣírù, àwọn mẹkáníìkì ti gbọ́ ìròyìn, wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Òkú, ẹ kú oúnjẹ o!" ni ọ̀kan ń wí. "Ṣé ata wà nínú ẹ̀wà ọ̀run?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o jàre," ni Bàṣírù dáhùn, ẹnu rẹ̀ kún. "Òkú tó bá gbóòórùn ẹ̀wà àti búrẹ́dì, jíjí ló máa jí."

Ẹ̀rín ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Bàṣírù kò dé ojú rẹ̀, nígbà tó sì rí ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú èérú lára, ó gbé abọ́ sílẹ̀.

"Màmá Ifẹ̀-Ọ̀dàn," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́."

Ó mú un gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ ìyá rẹ̀. Kàdíjà jókòó sórí ẹní ìkírun, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù wà lọ́wọ́ òsì. Ilé ọkọ ló ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Òun àti àbúrò rẹ̀ kò sì fi ìgbà kan jà nítorí ìyẹn rí.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Alhaji Wàsíù pè lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ń padà bọ̀ lórí fóònù. Jókòó."

Alhaji Wàsíù ni olórí àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò ní àdúgbò tí Dúró ń gbé ní Abidjan. Nọ́ńbà Kàdíjà ló bá nínú ìwé ilé-iṣẹ́, nítorí ìyá Bàṣírù ni ìwé ń béèrè, ìyá Bàṣírù ni Dúró sì kọ. Àṣàbí kò tíì fìdí kan ilẹ̀ tí fóònù fi dún. Kàdíjà tẹ ohun tó ń jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́.

"Asàlámù aléékùn, Màmá Bàṣírù. Bon, ẹ gbọ́ mi. Igi ló bá a lórí. Ó ti la ojú, ó ń mí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é, kò dáhùn. Dókítà pè é, nọ́ọ̀sì pè é, èmi náà pe 'Bàṣírù, Bàṣírù' títí ohùn mi fi há. Ó kàn ń wo òkè. Dókítà ní ẹni tí kò bá mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú agbárí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú orí ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní bó bá di aago méjì tí kò dáhùn orúkọ rẹ̀, àwọn á la orí rẹ̀ wò. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí, wọ́n fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbà. Ẹ rò ó, mò ń retí yín." Ó gé fóònù.

Aago méjì lọ́dọ̀ tiwọn, aago mẹ́ta lọ́dọ̀ tiwa ni. Aago ara ògiri Kàdíjà ti lé ogún ìṣẹ́jú ní aago kan.

"A ó ní a gbà," ni Kàdíjà wí. "Dókítà ló mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe pé kò gbọ́," ni Àṣàbí wí. "Wọn kò tíì pè é ni. Láti àná, wọn kò tíì pe ọmọ mi."

"Ọdún mọ́kànlá ló ti ń jẹ́ Bàṣírù. Ó ti mọ́ ọn lára."

"Ó mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù ṣe ń mọ́ni lára ni. Igi ti bọ́ ẹ̀wù náà kúrò. Ẹ jẹ́ kí n pè é."

Kàdíjà ki fóònù bọ àyà aṣọ rẹ̀. "Pè é ní kí ni? Àṣàbí, ronú. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ wọn wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yẹn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé kì í ṣe òun ló ni kàádì, láti orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n á ti gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bàṣírù mi ńkọ́? Oṣù méjì ló kù kó padà síbẹ̀, ó ti rí iṣẹ́. Bọ́dà ni wọ́n á ti mú un. Ṣé o rò pé mi ò fẹ́ràn Dúró ni? Ta ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ìwọ kò lè dìde lórí ẹní? Ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n. Bí ẹnu rẹ bá ṣí, méjèèjì la ó pàdánù."

 Àṣàbí dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró ti kànga. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bó bá pe ọmọ náà tí kò dáhùn ńkọ́? Yóò ti tú àṣírí lásán, wọn yóò tún la orí rẹ̀. Bó bá sì dákẹ́ tí ọ̀bẹ bọ́ sí orí tí kò ní àrùn ńkọ́? Ọwọ́ tó gbé lé ìwé orin sì ń jó o bí ẹni fọwọ́ kan agbada. Ìlérí ni. Ó ti ṣèlérí níwájú Ọlọ́run pé bí ọmọ bá tiẹ̀ ń kú lọ, òun kò ní pè é ní Dúró.

Ó rántí ìgbà tí Dúró wà ní kékeré. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú ṣáájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Dúrójaiyé. Gbogbo agbo ilé ló ń fi ẹ̀rù pe orúkọ yẹn mọ́ ọn, nígbàkígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, tó fi di pé kò kà á sí mọ́. Bí oorun bá gbé e láàárọ̀, o lè pe Dúrójaiyé títí oòrùn yóò fi mú. Oríkì rẹ̀ nìkan ló máa ń jí i, Àkànbí, kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí i létí. Yóò wá dáhùn pẹ̀lú ojú tó dì pa: "Mo ti jí tipẹ́." Irọ́ ni, ojoojúmọ́ ló sì ń pa á.

Ọdún mélòó ló ti kọjá tí kò pe Àkànbí? Mọ́kànlá.

Nígbà tó padà wọlé, aago ti lé ogún ìṣẹ́jú ní aago méjì. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ fún mi ní fóònù, ẹ̀gbọ́n mi. Ìlérí tí mo ṣe fún ọmọ, Ọlọ́run á bi mí léèrè rẹ̀. Màá dáhùn."

Kàdíjà mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò mú fóònù jáde.

Bàṣírù ló sọ̀rọ̀. Látìgbà tó ti mú Àṣàbí wọlé ló ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́. "Màmá, ẹ gbé e fún wọn."

"Bàṣírù! Ìwọ ni mò ń rò."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni. Èmi ni mo fi yá a, èmi ni mo lè gbà á padà. Bí wọ́n bá la orí ẹ̀, tó kú sábẹ́ ọ̀bẹ, Bàṣírù Ràmọ́nù ni wọ́n á kọ sójú sàréè. Àwọn mẹkáníìkì á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Màmá, orúkọ wo ni màá wá máa jẹ́ láyé?"

Kàdíjà wò ó pẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ àyà, ó mú fóònù jáde, ó nà án sí àbúrò rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Wọ́n pe Alhaji, kò wọlé. Wọ́n tún pè é, obìnrin inú fóònù ń sọ Faransé sí wọn. Bàṣírù gbé fóònù jáde lọ sí ìta níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dára, àwọn ìyá méjèèjì tẹ̀ lé e, ọ̀kan ń pe Ọlọ́run, èkejì ń pe Alláà. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí Alhaji gbé e.

"Màmá, ẹ ti pẹ́ jù. Wọ́n ti ń tì í lọ."

"Alhaji, ẹ dá wọn dúró!" ni Àṣàbí ké. "Èmi kọ́ ni Màmá Bàṣírù. Èmi ni ìyá ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Bàṣírù kọ́ ló ń jẹ́."

 Wọ́n ń gbọ́ táyà bẹ́ẹ̀dì tó ń dún lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà Alhaji fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màmá, irú ẹ̀ kì í ṣe àkọ́kọ́ tí mo máa rí. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ilé-iṣẹ́ wọn dúró tì mí báyìí, ìyá ẹ̀ Yorùbá ni, ó gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ohunkóhun tí ẹ bá pe ọmọ yìí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé kí n gbé fóònù sí i létí?"

Àṣàbí wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kàdíjà di ojú.

"Ẹ gbé e sí i létí."

Ó la ẹnu, ẹ sì wo ohun tí ìbẹ̀rù ọdún mọ́kànlá lè fi ẹnu ìyá ṣe. "Bàṣírù," ló jáde. Ó fi ọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀. "Dúrójaiyé! Dúrójaiyé ọmọ mi, Màmá ni!"

Kò sí èsì. Wọ́n gbọ́ nọ́ọ̀sì tó sọ nǹkan ní Faransé, bẹ́ẹ̀dì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àṣàbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú epo dúdú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tú àṣírí ọmọ rẹ̀, ọmọ kò sì dáhùn. Ó fa fóònù mọ́ ẹnu bí ẹni pé etí ọmọ ni, kò sì kígbe mọ́. Ohùn tí wọ́n fi ń jí ọmọ ló lò.

"Àkànbí. Àkànbí ọkọ mi. Ọmọ a-jí-fẹsẹ̀-gbọn-ìrì lójú ọ̀nà oko. Ọmọ ọlọ́kọ́ tí í kọ ebè kí àkùkọ tó jí. Àkànbí, àkàndé ọmọ tí mo bẹ̀ lọ́wọ́ Olúwa. Ilẹ̀ ti mọ́, Àkànbí. Dìde kí o bọ́jú."

Táyà bẹ́ẹ̀dì dúró. Ẹnì kan sọ ní Faransé pé kí wọ́n dúró: "Attendez!" Ohùn kan sì wá, ó há, ó sì ti ọ̀nà jíjìn wá, ṣùgbọ́n ohùn náà ni.

"Mo ti jí tipẹ́."

Bàṣírù fi àkísà bojú. Kàdíjà wólẹ̀ síbi tó dúró sí, ó ń wí pé "Àlùhàmùdùlílààhì" láìdáwọ́ dúró.  Ní etí kejì fóònù, dókítà ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Dúró, Alhaji ń túmọ̀, Dúró ń dáhùn: ọmọ ọdún mélòó ni, níbo ló ti wá. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ pé ẹ̀rù ti jí pẹ̀lú rẹ̀.

"Sọ ọ́," ni Àṣàbí wí sínú fóònù. "Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Wọn kò la orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín pé ohun gbogbo dùn lẹ́yìn náà. Akọ̀wé kọ ohun tó gbọ́. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Dúrójaiyé, wọ́n yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n gba kàádì náà, ọ̀nà Bàṣírù sì dí. Iṣẹ́ tó ń retí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alhaji àti àwọn ọmọ ìlú ló bá Dúró bẹ àwọn ọlọ́pàá títí tí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Ó gba Kùtọnu wọlé nínú bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ díẹ̀. Kàdíjà kò fẹsẹ̀ tẹ Ifẹ̀-Ọ̀dàn fún oṣù mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́, Dúró jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàṣírù náà wá, ó fi fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó gbé àpò èlùbọ́ kan sí ẹsẹ̀ Àṣàbí.

"Màmá mi ní kí n gbé e fún yín. Wọ́n ní kí n sọ pé àwọn kò tíì bínú tán o, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin àti Dúró máa jẹun."

Àṣàbí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. Níwájú, àlùfáà ń ka orúkọ àwọn tó fẹ́ dúpẹ́. "Dúrójaiyé Àkànbí!" Kò sí ẹni tó dìde. Àlùfáà tún un pè. Dúró ń wo iwájú, ó ń retí ẹni tí wọ́n ń pè. Ìyá rẹ̀ fi ìgúnpá gún un.

"Ìwọ ni," ló wí. Kò sọ ọ́ lábẹ́ ètè.

Ó dìde. Bàṣírù sì dìde pẹ̀lú rẹ̀, ó fún un ní èjìká láti fọwọ́ lé.

Ìwọ tí o ka èyí dé òpin, kí Ẹni tó mọ̀ ọ́ kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ sọnù. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn alààyè, kí wọ́n bá tìrẹ níbẹ̀. Kí ọmọ rẹ tó wà lájò gbọ́ ohùn rẹ, kó sì dáhùn. Ẹrù tí ìbẹ̀rù gbé lé ọ láhọ́n, kí Olúwa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àmín.